Ọdún Tí Lavinia Fara Pamọ́ Sínú Ilé Ara Rẹ̀

Omi ló tú àṣírí. Kì í ṣe omi òjò, nítorí ojú ọ̀run gbẹ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Omi ẹ̀rọ amúlétutù ni. Mo gbé ìrẹsì tútù mi jókòó sí bákónì tó kọjú sí àgbàlá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ni omi kán tó! sí àárín orí mi, níbi tí irun ti tán. Mo gbójú sókè. Ẹ̀rọ ilé tó wà lókè mi gan-an ló ń kán, ilé Lavinia Ghislandi, agbẹjọ́rò. Lavinia yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pẹ̀lú àpótí ìrìn-àjò lọ́wọ́, tó ní òun, ọkọ òun àti ọmọ òun ń lọ sí erékùṣù Sardegna, ó di ìparí oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀rọ kì í tan ara rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé amí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Orúkọ mi ni Ermete Bonvicini. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ṣe dàgbà, ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó àwọn ilé alájùmọ̀gbé káàkiri Milano, títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo mọ iye tí wọ́n fi ń kun ògiri, mo mọ iye tí iná àtẹ̀gùn ń jẹ lóṣù. Bàbá Oníṣirò ni wọ́n ń pè mí nílé wa. Àwọn kan ń fìfẹ́ pè é, àwọn kan fi ń ṣẹ̀sín, owó kan náà ni gbogbo wọn ń san. Lóṣù Kẹjọ, èmi kì í lọ síbì kankan. Gbogbo ohun tó wà létí òkun ló máa ń di ìlọ́po méjì nígbà náà. Bẹ́ẹ̀dì mi nìkan ni kì í gbówó lé ara rẹ̀. Àwọn ará ilé á kó kọ́kọ́rọ́ wọn fún mi kí n lè máa bá wọn bomi rin òdòdó, wọ́n á fa ìbòjú fèrèsé wọn wálẹ̀ gbàràrà, ilé á sì pa lọ́lọ́.

Lọ́dún yẹn, Lavinia ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní àwọn ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bomi rin òdòdó fúnra rẹ̀. Mo béèrè iye tó rà á. Kò lè sọ. Ó yẹ kó ti yé mi látìgbà náà: ẹni tí kò mọ iye tó ra nǹkan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò rà á rárá.

Nílùú wa, ẹni tó bá rí jájẹ kì í wà nílé láàárín oṣù Kẹjọ. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá rí agbẹjọ́rò tàbí dókítà tó ń ra búrẹ́dì lọ́jọ́ àjọ̀dún àárín oṣù, ó di ọ̀rọ̀ ẹnu títí di Kérésì. Ohun tí mi ò sì mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ Lavinia ti kọjá ti ìsinmi. Ilé tó wà lókè orí mi yẹn gan-an ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra ilé jọ láti máa fi gba àlejò ọlọ́jọ́ méjì ti fowó lọ̀ wọ́n, owó tó fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún yúrò dín sí iye tó yẹ, wọ́n sì ti gbà láti tọwọ́ bọ̀wé ní kété tí àwọn èèyàn bá ti ìsinmi dé.

Ẹ má rò pé ọmọ olówó ni Lavinia. Ọkọ̀ ni bàbá ẹ̀ fi ń pín wàrà kiri àwọn abúlé Lodi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wọ Milano láti wá kọ́ ìmọ̀ òfin, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ló sì wọ̀ sí, ilé tí wọ́n máa ń ti géètì ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló fi rà ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀. Nígbà tí òun àti Ottavio Peverelli, ọkọ ẹ̀, ẹnjiníà tó ń ta ẹ̀rọ fáwọn iléeṣẹ́, kó dé ilé wa, ilẹ̀kùn mi ló kọ́kọ́ kàn. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ojú fèrèsé. Ó ní, "Bàbá, èló ni wọ́n ń dá fún ìmúlégbóná nígbà òtútù, ṣé ẹ lè fi bí wọ́n ṣe ń pín in hàn mí?" Mo sọ nínú ara mi pé, èyí mọ owó.

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àmọ́ owó náà pọ̀ sí i. Iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá tó ń bá ṣiṣẹ́ sọ owó oṣù ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ti Ottavio náà sì ń gòkè. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìnáwó ò wọ ilé wọn bí olè. Bí àlejò ló ṣe wọlé. Ó jókòó, ó gba omi mu, kí wọ́n tó mọ̀, ó ti ní yàrá tirẹ̀. Ọkọ̀ kejì dé, ọkọ̀ kejì ní kí wọ́n gba gáréèjì fún òun. Wọ́n háyà ilé kan tọdúntọdún sí Rapallo létí òkun, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ti wọn. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ tẹníìsì. Bó bá di oṣù Kejì, wọ́n á lọ fi ọ̀sẹ̀ kan yọ̀ lórí yìnyín, ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń fi bọ́tà gbẹ́ òdòdó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dun ni bó bá dá wá.

Lẹ́yìn náà ni èlé báǹkì gòkè, tí owó tí wọ́n ń san lórí ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Ìgbà yẹn kan náà ni Lavinia fi iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀, ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀. Oníbàárà ń wá, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù kì í fojú rí owó orí ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ló ń yọ ọ́. Ẹni tó dá dúró ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kà á fún ìjọba. Oṣù Keje ni ìjọba dé. Owó Sardegna bá owó orí lọ.

Gbogbo èyí ni mo wá mọ̀ nígbà tó yá. Lọ́jọ́ tí omi kán sí mi lórí, ohun tí mo mọ̀ ò ju pé ìrẹsì mi ti ń di ọbẹ̀.

"Ìyá Ginevra!" mo pariwo sókè. "Ẹ̀rọ yín ń sunkún sínú oúnjẹ mi o!"

Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Mo tún un rò: olè wo ló máa wá jalè, tó máa tan amúlétutù, tó sì máa pa á nítorí pé aládùúgbò ráhùn? Olè tó lẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ò lè rọ́wọ́ mú ní Milano. Mo wá rántí pé àgbá ìdọ̀tí oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ kún fún èèpo wọ́tàmẹ́lọ̀n láàárọ̀. Èmi nìkan ló yẹ kó máa da nǹkan sínú ẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo jẹ.

Ooru ọjọ́ náà, òkúta ń làágùn. Ẹni tó bá fa ìbòjú fèrèsé wálẹ̀ tó tún pa ẹ̀rọ, á jinná kí alẹ́ tó lẹ́. Mo bu ìrẹsì tútù tó kù sínú àwo, mo gun àtẹ̀gùn, mo kan ilẹ̀kùn wọn.

"Èmi ni," mo bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, mi ò sì mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ tan ẹ̀rọ yín padà, kí ẹ má bàa kú sínú ilé tí ẹ ò tíì san owó ẹ̀ tán."

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú lọ́hùn-ún, wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ má dá a lóhùn."

Ohùn ọmọbìnrin tẹ̀ lé e, kò tiẹ̀ rọra: "Pàpá, wọ́n ti gbọ́ yín."

Ilẹ̀kùn ṣí. Lavinia ló dúró níbẹ̀, ó di irun ẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọ ilẹ̀, ojú ẹ̀ pupa.

"Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ wọlé kíá."

"Kíá ti kí ni? Ta ló kù nínú ilé yìí tó máa rí mi?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

Inú ilé ṣókùnkùn bí àjà, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà ní títàn nínú kíṣìnnì. Ottavio dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nínú ṣòkòtò péńpé, ó gùn, ó funfun bí àbẹ́là. Àpótí ìrìn-àjò ńlá wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ṣí sílẹ̀: tòmátì, búrẹ́dì, ẹyin, àti wọ́tàmẹ́lọ̀n kan tó kúnlẹ̀ sáàárín wọn bí ọba.

Mo wo àpótí, mo wo Ottavio. "Ṣé Sardegna ni wọ́n ti ń ta tòmátì yìí?"

"Ìdájí ni mo máa ń jáde," ó ní, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Mo máa ń wọ tíráàmù lọ sí sọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá rí mi pẹ̀lú àpótí, á rò pé téṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin ni mò ń lọ."

"Bó o bá ń bọ̀ ńkọ́?"

"Á rò pé mo gbàgbé nǹkan sílé ni."

"Lójoojúmọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin jáde nínú àpótí. Ginevra, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jókòó sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Tiwọn tiẹ̀ sàn," ó ní. "Èmi ń fi fọ́tò òkun ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo gé irun mi lóṣù Kẹfà. Wọ́n ń béèrè bó ṣe tètè gùn padà."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní afẹ́fẹ́ òkun ni."

Lavinia fa àga, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Bàbá, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Owó ti tán. Ilé yìí la fẹ́ tà." Ó wá sọ ti ọkùnrin olówó náà, ó sọ ti ìwé tí wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀, ó ní bóyá àwọn á padà sí Lodi, bóyá àwọn á háyà ilé kékeré. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹjọ́ ẹlòmíì. "Owó tí bàbá mi ò rí lọ́dún kan là ń rí lóṣù kan. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kò tó? Ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́ á gbá mi létí."

"Mi ò ní gbá ẹ létí," mo ní. "Kọfí dà? Kí Ginevra sì bá mi gbé páálí makaróní wá."

"Ṣé ebi ń pa yín ni?" Ginevra béèrè.

"Ìṣirò ni mo fẹ́ ṣe. Nọ́ńbà máa ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ olówó. Makaróní kì í yọ̀."

"Bó bá jinná, ó ń yọ̀," Ottavio ní.

"Kò tíì jinná. Jókòó."

Mo ní kí ẹyọ makaróní kan dúró fún ọgọ́rùn-ún yúrò. Lavinia kọ́kọ́ yọ owó orí sápá kan, kò dúró kí n sọ ọ́. Oṣù Keje ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ohun tó kù fún wọn láti ná lóṣù jẹ́ ọgọ́fà ẹyọ, Ginevra ló kà á sórí tábìlì. Mo ní kí Lavinia fọwọ́ ara ẹ̀ pín in, nítorí ilé ẹ̀ ni, kì í ṣe ilé mi. Ó ń pín in kánmọ́kánmọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀ sórí. Owó ilé, mẹ́rìndínlógójì. Ilé ìwé Ginevra, mẹ́tàdínlógún. Marivic, obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ilé, tó ti lọ kí ìyá ẹ̀ ní Manila, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oúnjẹ, iná, owó àjọdá ilé. Ọkọ̀ méjèèjì. Nígbà tó dé orí Rapallo, ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà tó ṣe ẹgbẹ́ tẹníìsì tán, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ a ò tíì dé orí yìnyín, a ò tíì dé Sardegna, a ò tíì jẹ oúnjẹ ilé oúnjẹ kankan.

"Bù sí i nínú páálí," mo ní.

Ó bù ú, ó pín in tán. Ginevra ka iye tó tinú páálí jáde. "Ogún. Ṣé gbèsè nìyẹn?"

"Owó tí kò sí nìyẹn. Lóṣooṣù."

Ottavio tẹjú mọ́ ogún makaróní náà. Ó mí kanlẹ̀. "Ogún péré? Mo ti ń lá àlá ọgọ́ta."

Mo rí i nígbà náà pé èjìká ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹrù tí èèyàn ò tíì gbé sórí ìwọ̀n ló máa ń wúwo jù.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo sì ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo na ìka sí òkìtì Marivic. Lavinia fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó pátápátá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí mo bá wà ní kóòtù tí Ginevra ń ṣàìsàn, ta ló ń wà níbí? Bí Marivic bá lọ, èmi náà á pa ọ́fíìsì tì lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Makaróní mélòó ló máa kù lórí tábìlì yìí?"

Mo kà á lọ́kàn mi. Òótọ́ ni. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo wo òkìtì ilé ìwé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ojú tí Lavinia fi wò mí, mo rọra mu kọfí mi.

"Rapallo ńkọ́?" mo ní.

Lavinia mú ẹyọ kan nínú òkìtì náà. Ó wo ọkọ ẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Mo ti rò ó, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba òkun lọ́wọ́ Ottavio. Iṣẹ́ ló ń ṣe tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ nìkan ló ti ń sinmi. Ó sàn kí n ta ilé ju pé kí n gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

"Òkun wo?" Ottavio ní.

"Òkun Rapallo."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ràn òkun Rapallo?"

"Ìwọ náà ni! Ìwọ lo sọ pé ẹni tí kò nílé létí òkun ò tíì débì kan láyé."

"Ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀! Èmi kàn tún un sọ nídìí oúnjẹ ni. Lavinia, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń jó bí ẹran àsun lórí iyanrìn yẹn. Gbogbo ara mi ló ń bó. Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ ẹ."

"Èmi? Èmi tí mi ò mọ̀wẹ̀?"

"O ò mọ kí ni?"

"Ọmọ Lodi ni mí! Ibo ni mo ti fẹ́ kọ́ ọ, nínú kòtò tí wọ́n fi ń bomi rin oko? Kò sọ́jọ́ kan tí mo wọ inú omi yẹn ju orúnkún lọ. O ò ṣàkíyèsí ni?"

"Mo rò pé o ò fẹ́ kí irun ẹ tutù ni."

Ginevra gbójú kúrò lára fóònù. "Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èmi nìkan ni mo máa ń wẹ̀?"

Lavinia bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ jọ ikọ́, ó wá di ẹ̀rín gidi, ó di omi ojú, ó gbórí lé tábìlì, ó ń fọwọ́ lu pákó, makaróní ń fò. Ottavio náà dara pọ̀. Mo fọwọ́ di òkìtì owó ilé mú kó má bàa dà nù. Ìgbà òtútù ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín gbẹ̀yìn látinú ilé yẹn, èmi tí mo sì ń gbé nísàlẹ̀, bí wọ́n bá ju àbẹ́rẹ́ sílẹ̀ mo máa ń gbọ́.

"Ṣe bó o ti mọ, ni bàbá mi máa ń wí," ó ní, ó ń nujú. "Èmi wá ń ṣe bí àwọn ẹlòmíì ti mọ̀."

Látibẹ̀, kò ṣòro mọ́. Rapallo padà sínú páálí. Ẹgbẹ́ tẹníìsì tẹ̀ lé e. Eegun ẹ̀yìn Ottavio ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀ láti ọdún méjì, ó kàn ń lọ jókòó mu ọsàn. Ọkọ̀ kejì lọ, gáréèjì ẹ̀ bá a lọ. Sardegna lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó sunkún ẹ̀. Wọ́n gé jíjẹun níta sí méjì, wọ́n dá ìdajì padà.

Orí yìnyín ni ogun ti bẹ́. Ginevra kó makaróní mẹ́rin náà mọ́ àyà. "Yìnyín mi rèé o! Ẹ ti kó gbogbo nǹkan. Ẹ fẹ́ sọ mí di akúùṣẹ́."

"Akúùṣẹ́ tí fóònù ẹ̀ wọ́n ju màlúù lọ," bàbá ẹ̀ ní.

"Pàpá, mo fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́. Èmi ò tan ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá ẹ̀ lára. Wọ́n ná an bí ẹni ná ẹja. Wọ́n fẹnu kò sí ìparí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n á wọ̀ lọ, búrẹ́dì àti wàràkàṣì látilé, kò sí òtẹ́ẹ̀lì olódòdó bọ́tà. Ẹyọ kan kù lọ́wọ́ Ginevra. Ó fi mẹ́ta sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń san owó ìtanràn.

Ogún tí kò sí ti padà sínú páálí, méjìdínlógún mìíràn sì wà lórí tábìlì tí kò ní ibi tí yóò lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ ẹ̀. Ìtẹ́ ti bá eku mu, ó tún fàyè sílẹ̀. Lavinia fi ìka kó méjìdínlógún náà jọ, ó sún wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì owó ilé. Ó ń wò wọ́n.

"Màmá," Ginevra ní, "ṣé a ò ní ta ilé mọ́?"

"A ò ní tà á."

"Ẹ búra."

"Agbẹjọ́rò kì í búra fọ́mọ lásán. A ò ní tà á, Ginevra."

Ó dìde, ó lọ dúró sídìí fóòsẹ́ẹ̀tì, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń bu omi sójú. Ó gbé ìkòkò omi kaná. Ó kó ìṣirò wa láti orí tábìlì, ó fọ̀ ọ́, ó dà á sínú omi híhó, ó fi tòmátì inú àpótí ìrìn-àjò àti ewé basílíkò tó ń ta sánsán bí efinrin sè é. A jẹ gbogbo ẹ̀: ilé, ilé ìwé, àti méjìdínlógún tó ṣẹ́ kù. Ottavio tan amúlétutù padà. Mo sọ fún un pé kó rántí pé orí mi wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni àjọ̀dún àárín oṣù, ọjọ́ tó dà bíi pé àwọn ẹyẹlé pàápàá ń kúrò ní Milano. Lavinia ní kí n wá mu kọfí. Níṣojú mi ló fi pe aṣojú tó ń bá wọn ta ilé. Etí òkun ni ọ̀gbẹ́ni náà wà, a ń gbọ́ ìgbì lẹ́yìn ohùn ẹ̀.

"Mádàámù, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ọkùnrin náà á bínú."

"Ṣé mo ti tọwọ́ bọ nǹkan kan?"

"Ẹ ò tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n..."

"Ó dáa nígbà náà. Bá mi kí i. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìgbádùn omi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá, èyí tí ìbòjú ẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ṣé kí n fà á?" ó bi ọkọ ẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ tó máa rí wa?" Ottavio ní. "Fà á."

Ó di okùn mú, ó fà á. Ariwo tó sọ nínú àgbàlá òfìfo yẹn, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sínú agbada. Oòrùn ya wọlé, ó bá eruku, ó bá àwo kọfí, ó bá Ginevra tó ń fọwọ́ bojú. Lavinia ṣí fèrèsé gbayawu, ó jáde sí bákónì nínú aṣọ ilé, ó dúró síbẹ̀, ó mí.

Nígbà náà ni a gbọ́ ariwo kejì.

Ó ti òdìkejì àgbàlá wá, láti àjà kẹrin. Ìbòjú fèrèsé Dókítà Amilcare Sozzani, oníṣẹ́ abẹ, ẹni tó ti sọ fún gbogbo ilé pé Gíríìsì lòun àti ìyàwó òun ń lọ, nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìbòjú náà gòkè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró. Ojú kan yọ lábẹ́ ẹ̀. Ó tún gòkè díẹ̀. Nígbà tó ká sókè tán, Dókítà ló dúró níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ife kọfí lọ́wọ́, irùngbọ̀n ọjọ́ mélòó kan lágbọ̀n.

Wọ́n ń wo ara wọn kọjá àgbàlá. Èmi náà ń wò wọ́n.

"Ẹ kú àbọ̀ Sardegna, Agbẹjọ́rò," Dókítà ní.

"Ẹ kú àbọ̀ Gíríìsì, Dókítà," Lavinia ní. "Omi ibẹ̀ ńkọ́?"

"Omi ẹ̀rọ ni. Ó tutù díẹ̀." Ó yọjú sí mi. "Bàbá Oníṣirò, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ohun tí àgbàlá yìí kì í gbé sáni létí. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ makaróní lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé páálí yẹn ti tán?"

"Ó kù," mo ní. "Ṣùgbọ́n ti dókítà á gba páálí méjì."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, a gbé tábìlì sísàlẹ̀ sínú òjìji àgbàlá. Ìyàwó dókítà gbé ẹran ọmọ màlúù tútù wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, Ottavio gé wọ́tàmẹ́lọ̀n. A jẹun lọ́jọ́ àjọ̀dún ní àárín Milano bí ẹni tó jẹ́ pé ilé ló ti ń ṣọdún látilẹ̀wá. Ginevra ya ara ẹ̀ àti tábìlì náà ní fọ́tò, tòun ti irun kúkúrú, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní méjì nínú wọn ti dá a lóhùn pé ilé làwọn náà wà.

Wọ́n dá ilé Rapallo padà nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọkọ̀ kejì ti lọ kí Kérésì tó dé. Lavinia ṣì ń gbé lókè mi, ọ́fíìsì ẹ̀ sì ti gba akọ̀wé kan síṣẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń kán. Nígbà tí ooru padà dé, mo ra agbòòrùn ńlá kan fún bákónì mi, yúrò mọ́kànlélógún, mo gbé risíìtì lọ sókè kó lè san án, nítorí omi ẹ̀ ni. Lavinia wo risíìtì náà, ó wò mí.

"Bàbá, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń tà á ní sọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn téṣọ̀n."

Mo wọ bàtà mi, mo lọ wò ó. Mẹ́rìndínlógún ni lóòótọ́. Mo dá èyí tí mo rà padà.